Ohun Tí Jẹ́jẹ́ Kọ Tó Sì Pa Rẹ́

Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Kì í ṣe torí pé ó tẹ́ẹ́rẹ́. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́. Bí kóòdù, àṣẹ tí wọ́n ń kọ fún kọ̀ǹpútà, bá ya níbi tójú ò tó, tí gbogbo àwọn tó kù bá ti ń họrí, Abẹ́rẹ́ á fa àga tì í, á rán an, kò sì ní í sẹ́ni tó máa mọ ojú rírán.

Férémù ni ilé iṣẹ́ wọn ń tà. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ìkànnì sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ìbáà jẹ́ ti ilé ìtajà tàbí ti ilé ìwé, kò ní láti bẹ̀rẹ̀ láti orí ilẹ̀ gbalasa. Férémù ni ìpìlẹ̀ àti òpó tí wọ́n ti tò sílẹ̀ dè é. Ó kù kó kùn ún lọ́dà kó sì gbé àga wọlé. Férémù tiwọn lágbára, àmọ́ ó ti ń dàgbà. Ìbéèrè kan, ìdáhùn kan ló mọ̀. Ẹ kanlẹ̀kùn, ó ṣílẹ̀kùn, ó fún yín lóhun tí ẹ wá gbà, ó pa ilẹ̀kùn dé, ó sì gbàgbé pé ẹ wá rí. Bí ọ̀rọ̀ tuntun bá dé lẹ́yìn tí ẹ ti kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ó di kẹ́ ẹ padà wá kanlẹ̀kùn kẹ́ ẹ tó gbọ́. Àwọn oníbàárà ti ń ráhùn. Wọ́n fẹ́ kí ọ̀rọ̀ máa dé ojú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ gẹ́lẹ́.

"Wẹ́bsọ́kẹ́ẹ̀tì la máa fi sí i," Ọ̀gá Ẹ̀rín wí. "Ilẹ̀kùn tó máa ṣí sílẹ̀ gbayawu láàárín sáfà, kọ̀ǹpútà àgbà wa yẹn, àti oníbàárà, kí tibí máa sọ̀rọ̀, kí tọ̀hún máa sọ̀rọ̀, kí ẹnikẹ́ni má kanlẹ̀kùn mọ́. Ìwọ nìkan ni mo lè gbé e fún, Abẹ́rẹ́. Bó o bá ṣe é yọrí, ìwọ ni olórí ẹ̀ka kóòdù."

Ẹ̀rín kì í kúrò lẹ́nu ọkùnrin náà, òun ni wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó ń fẹ̀rín gbani síṣẹ́, ó ń fẹ̀rín léni kúrò. Àwọn tó ti pẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ mọ̀ pé ìgbà tí eyín rẹ̀ bá funfun jù ni kéèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Àmọ́ ọ̀rọ̀ àga olórí yìí wọ Abẹ́rẹ́ lára. Ó ti pẹ́ tó ti ń wo àwọn tó kọ́ níṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń gorí rẹ̀ kọjá.

Nísàlẹ̀ ilé kan náà ni yàrá ìdáhùn wà. Àwọn ilé ìtajà tó ra férémù ló háyà yàrá náà, kí wọ́n máa bá wọn fèsì sí ẹjọ́ tí oníbàárà bá kọ ránṣẹ́ sórí ìkànnì. Ibẹ̀ ni àbúrò Abẹ́rẹ́ ń ṣiṣẹ́, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo. Jẹ́jẹ́ lorúkọ tí gbogbo ilé ń pè é láti kékeré, torí ohùn rẹ̀ kì í ròkè, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dún nílẹ̀. Ìyá wọn ló fà á lé Abẹ́rẹ́ lọ́wọ́. "Àbúrò rẹ nìyí," ìyá náà wí. "Ibi tó o bá jókòó sí, wá ibi kan fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ." Abẹ́rẹ́ bẹ Ọ̀gá, Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, Jẹ́jẹ́ sì ríṣẹ́.

Iṣẹ́ wẹ́bsọ́kẹ́ẹ̀tì náà kì í ṣe kékeré. Ohun tí wọ́n ti kọ́ láti máa gbàgbé, kéèyàn tó kọ́ ọ láti máa rántí, ojú á rí tó. Sáfà tó fẹ́ ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, kó sì mọ̀ bóyá onítọ̀hún ṣì wà níbẹ̀. Abẹ́rẹ́ kọ́ ọ láti máa kí wọn lóòrèkóòrè: "Ṣé o wà?" Bí èsì bá wá, ó dáa, bí kò bá wá, kó ti ilẹ̀kùn náà kó gbàyè fún ẹlòmíì. Bí íńtánẹ́ẹ̀tì ẹnì kan bá já láàárín ọ̀rọ̀, sáfà á bá a di ọ̀rọ̀ rẹ̀ mú títí á fi padà, á sì gbé e fún un bó ṣe tò, tẹ̀yìn ò ní í ṣáájú tiwájú. Èyí tó dùn mọ́ ọn jù lọ ni ti àwọn tí wọ́n bá gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn. Ẹni tí kò bá sí lára ilé mọ́, ilẹ̀kùn rẹ̀ á tì lójú ẹsẹ̀, kódà bó bá wà láàárín gbólóhùn.

Lọ́jọ́ tí wẹ́bsọ́kẹ́ẹ̀tì náà kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, ó gbé kọ̀ǹpútà méjì sórí tábìlì méjì, ó sì ránṣẹ́ pe Jẹ́jẹ́ lákòókò ìsinmi. Ó tẹ ọ̀rọ̀ sínú ọ̀kan. Kó tó gbọ́wọ́ kúrò, ọ̀rọ̀ náà ti wà nínú èkejì.

Jẹ́jẹ́ pàtẹ́wọ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, eléyìí yára ju òfófó lọ!"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Jẹ́jẹ́ sún mọ́ ojú kọ̀ǹpútà náà gan-an kó tó lè ka ohun tó wà níbẹ̀, ó gbórí sí ẹ̀gbẹ́ kan bí adìyẹ. Abẹ́rẹ́ rí i, ó rò pé ó ń ṣàwàdà ni.

Ọ̀gá Ẹ̀rín náà wá wò ó. Ó dúró pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà lápò.

"Ó dáa gan-an. Àmọ́ ó ń fi ọ̀rọ̀ hàn lẹ́yìn tí wọ́n bá fi ránṣẹ́. Ṣé ó lè fi í hàn kí wọ́n tó fi ránṣẹ́?"

"Báwo, sà?"

"Bí ẹni náà ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Èyí tó tẹ̀, èyí tó pa rẹ́."

"Ó lè ṣe é, sà."

"Kí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ má mọ̀?"

Abẹ́rẹ́ yíjú sí i. "Kí lẹ fẹ́ fi ṣe, sà?"

"Ìwọ rán aṣọ. Má béèrè ibi tí wọ́n ń wọ̀ ọ́ lọ."

Ó rán an. Ṣùgbọ́n ó fi àmì kékeré kan sí i, àmì pupa tí yóò máa tàn ní igun ojú ìwé ẹni tó ń tẹ̀wé, kí onítọ̀hún lè mọ̀ pé wọ́n ń wo òun. Nígbà tí Ọ̀gá rí àmì náà, ó fi ìka kàn án.

"Kí lèyí?"

"Kí wọ́n lè mọ̀ ni, sà."

"Yọ ọ́."

"Sà, àwọn tó wà nísàlẹ̀ yẹn..."

"Àbúrò rẹ wà níbẹ̀, àbí? Ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, kí ló ń sá fún?" Eyín rẹ̀ funfun. "Àga olórí ẹ̀ka ṣì ṣófo o."

Ìlà kan péré ló gbé àmì náà ró nínú kóòdù. Abẹ́rẹ́ pa á rẹ́, ó fi iṣẹ́ náà pamọ́, ó sì lọ jẹun ọ̀sán.

Ó ní i lọ́kàn láti kìlọ̀ fún Jẹ́jẹ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ó ní òun á sọ fún un bí wọ́n bá ń lọ sílé. Lọ́jọ́ kejì, ó rántí pé Jẹ́jẹ́ ò mọ bí wọ́n ṣe ń di nǹkan mọ́nú: bó bá gbọ́ láàárọ̀, yàrá ìdáhùn á ti gbọ́ kó tó dọ̀sán, Ọ̀gá ò sì ní wá ẹni tó sọ ọ́ jìnnà. Nígbà tó yá, kò tilẹ̀ ní i lọ́kàn mọ́.

Ọjọ́ tí àwọn tó fẹ́ ra férémù náà wá, gbogbo ilé iṣẹ́ ti ń run òórùn ọṣẹ ìnulẹ̀. Àwọn èèyàn ńlá ni wọ́n, wọ́n ní yàrá ìdáhùn káàkiri. Wọ́n jókòó yí tábìlì gígùn ká, ojú wọn wà lára ògiri níbi tí Ọ̀gá ti tan kọ̀ǹpútà gàgàrà kan sí. Abẹ́rẹ́ dúró níwájú, ó wọ bàtà tuntun tó ń fún un lẹ́sẹ̀, ó ṣàlàyé bí ilẹ̀kùn náà ṣe ń ṣí àti bí kì í ṣeé já. Wọ́n ń mi orí.

"Àlàyé ti tó," Ọ̀gá wí. "Ẹ jẹ́ ká wò ó láàyè. Ẹ jẹ́ ká yọjú sí ẹni tó jókòó létí fèrèsé nísàlẹ̀."

Abẹ́rẹ́ mọ ẹni tó jókòó létí fèrèsé.

Ojú ìwé Jẹ́jẹ́ hàn lára ògiri. Obìnrin kan ló ń bá fà á. Obìnrin náà ki bàtà onírin bọ inú ẹ̀rọ ìfọṣọ, ẹ̀rọ náà dákẹ́, ó wá ń bú gbogbo ìdílé ẹni tó tà á fún un. Lójú gbogbo èèyàn, àwọn lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan láti ọwọ́ Jẹ́jẹ́:

"Ẹni tó fọ bàtà onírin nínú ẹ̀rọ aṣọ, ẹ̀rọ kọ́ ló bàjẹ́, orí ẹ̀ ni."

Ó pa á rẹ́. Ó wá kọ ọ́ báyìí, ó sì fi í ránṣẹ́: "Ẹ má bínú, mà. A máa rán ẹni tó máa tún un ṣe wá bá yín."

Yàrá náà bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú àwọn àlejò ń fi áńkáṣíìfù nu ojú. Ẹ̀rín náà mú Abẹ́rẹ́ pàápàá. Inú rẹ̀ tilẹ̀ dùn díẹ̀, pé àbúrò òun mọ ọ̀rọ̀ í sọ.

Lẹ́yìn náà, Jẹ́jẹ́ ṣí ojú ìwé tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń kọ̀wé síra wọn. Wọn kì í jẹ́ kí wọ́n mú fóònù wọ yàrá ìdáhùn, inú àpótí kan lẹ́nu ọ̀nà ni wọ́n ń kó o sí, nítorí náà ibẹ̀ nìkan ló ti lè bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti dé láti ọ̀dọ̀ dókítà ojú."

Ó dúró. Ó pa á rẹ́. Ó tún bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má tíì sọ fún Màmá. Dókítà ní ojú ọ̀tún mi ti ń lọ. Ó ní bí wọn ò bá tètè ṣiṣẹ́ abẹ, tòsì náà á tẹ̀ lé e. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi ojú kan ṣiṣẹ́. Mi ò jẹ́ kí wọ́n mọ̀ níbí torí wọ́n á ní kí n máa lọ. Ẹ̀rù ń bà mí."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Gbogbo wọn ń ka ògiri. Jẹ́jẹ́ náà dúró sídìí ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn yẹn, ìlà kékeré tó ń ṣẹ́jú lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ń ṣẹ́jú ṣáá.

"Sà," Abẹ́rẹ́ wí, "ẹ jẹ́ kí n pa á."

"Kí lo fẹ́ pa? Ó ń ṣiṣẹ́."

"Ta ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀?" ọkùnrin kan láàárín àwọn àlejò béèrè.

Ọ̀gá fi àgbọ̀n tọ́ka sí Abẹ́rẹ́. "Òun nìyẹn! Ẹni tó kọ́ ọ gan-an ló ń kọ̀wé sí. Bá a bá ní ká ṣètò ẹ̀, kò lè dáa tó yìí."

Lára ògiri, àwọn lẹ́tà ń fẹ̀yìn rìn. *Ẹ̀rù ń bà mí* lọ. *Kí n máa lọ* lọ. Ojú ọ̀tún lọ, dókítà lọ, Màmá lọ, títí ojú ìwé náà fi mọ́ fo. Lẹ́yìn náà ni Jẹ́jẹ́ wá tẹ ọ̀rọ̀ díẹ̀, ó sì fi í ránṣẹ́. Kọ̀ǹpútà Abẹ́rẹ́ dún gbin.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ ti jẹun?"

"Ẹ rí i?" Ọ̀gá wí fún àwọn àlejò. "Ohun tó fi ránṣẹ́ nìyẹn. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni ẹ rí tẹ́lẹ̀." Ó yíjú sí Abẹ́rẹ́. "Dá a lóhùn. Kí wọ́n rí i pé tibí tọ̀hún ló ń lọ."

Abẹ́rẹ́ gbé ọwọ́ lé kọ̀ǹpútà. Ohunkóhun tó bá tẹ̀, ara ògiri ló ń lọ. Ó lè ní kó má kọ nǹkan kan mọ́. Ó lè ní kó máa bọ̀ lókè kíákíá. Ó lè pè é ní orúkọ tí wọ́n ń pè é nígbà tí kò tíì mọ̀ ọ́n rìn, kó sì dákẹ́ síbẹ̀. Ó gbọ́ tí ọ̀kan nínú àwọn àlejò ń wúkọ́, ó gbọ́ tí Ọ̀gá ń mí sí i lẹ́yìn ọrùn. Ó wá tẹ̀ ẹ́:

"Mo ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ."

Èsì dé kó tó ṣẹ́jú. "Ẹ má bínú, mà."

Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́. Kò sí ìdádúró kankan láàárín, wọ́n ní, ká sọ bí ẹni tó jókòó tira. Wọ́n fọwọ́ sí i lọ́jọ́ náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ọ̀gá ránṣẹ́ pè é. "Olójú kan ò lè jókòó sídìí kọ̀ǹpútà mi," ó wí. "Mo fẹ́ pe ọmọ náà. Kí n tó pè é, ti ilẹ̀kùn rẹ̀."

Abẹ́rẹ́ kúnlẹ̀. "Sà, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ẹ jẹ́ kó lọ ṣiṣẹ́ abẹ náà kó padà wá. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹ̀yin náà rí i."

"Dìde, ilẹ̀ ò mọ́." Ọ̀gá ń rẹ́rìn-ín. "Mo lè ní kí ẹlòmíì tì í. Ẹni yẹn náà ló máa jókòó sórí àga tí mo ti ní kí wọ́n gbé wá fún ẹ."

Ó dìde, ó gbọn orúnkún rẹ̀ nù. Ó lọ sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó wá orúkọ àbúrò rẹ̀, ó sì tì í.

Nísàlẹ̀, Jẹ́jẹ́ rò pé íńtánẹ́ẹ̀tì ló lọ. Ó ń sọ fún oníbàárà kan pé "a ti gbọ́ ẹjọ́ yín" ni ojú ìwé náà funfun mọ́ ọn lójú. Ó tẹ̀ ẹ́ títí. Ó yíjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ pín tábìlì, ẹni tó ń pè ní Aládùúgbò. "Ṣé tìẹ náà ti lọ?"

"Rárá o. Tèmi wà."

Wọ́n pè é sókè. Kò pẹ́ níbẹ̀. Ọ̀gá sọ fún un pé wọ́n ti gbọ́ pé ojú rẹ̀ ń lọ, àti pé ilé iṣẹ́ ò lè gbé ẹrù bẹ́ẹ̀. Jẹ́jẹ́ béèrè ẹni tó sọ fún wọn. "Ọ̀dọ̀ ìwọ fúnra ẹ la ti gbọ́ ọ," Ọ̀gá wí, ó sì ṣílẹ̀kùn fún un tẹ̀ríntẹ̀rín.

Ohun tí Jẹ́jẹ́ rò bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ni pé ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ pé òun lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Aládùúgbò ló bá a di ipò rẹ̀ mú láàárọ̀ ọjọ́ tó lọ. Ó wọlé, ó sì gbá Aládùúgbò létí lójú gbogbo yàrá. Ẹni tí ohùn rẹ̀ kì í ròkè wá ń pariwo. "Ọ̀dàlẹ̀! Kí ni mo fi ṣe ẹ́?" Aládùúgbò di etí mú, ó ń búra, ó ń sunkún. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ló mú Jẹ́jẹ́ jáde.

Nígbà tí Abẹ́rẹ́ dé ilé ìyá wọn nírọ̀lẹ́, Jẹ́jẹ́ ti sunkún débi tí ojú rẹ̀ wú, èyí tó dáa àti èyí tí kò dáa.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo pa á rẹ́ o," ó wí. "Mo kọ ọ́ sí yín, mo wá rò ó pé kí n má da ọkàn yín rú níbi iṣẹ́, mo pa á rẹ́. Ó ní láti jẹ́ pé Aládùúgbò yọjú wo kọ̀ǹpútà mi. Àbí báwo ni wọ́n ṣe mọ̀?"

"Ó ṣeé ṣe," Abẹ́rẹ́ wí.

Ìyá wọn dìde láàárín ilé. Arúgbó ni, kì í ṣépè. Lọ́jọ́ yẹn ó na ọwọ́ méjèèjì sókè. "Ẹni tó gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ mi, oúnjẹ ò ní í dùn lẹ́nu ẹ̀. Ẹni tó fi ojú ọmọ mi ṣeré, ojú ẹ̀ á rí màbo. Ẹ ṣàmín!"

"Àmín," Jẹ́jẹ́ wí.

Ìyá náà ń wo Abẹ́rẹ́, ó ń dúró dè é.

"Àmín, Màmá."

Láti ọjọ́ náà, kò sóhun tí Abẹ́rẹ́ ò ṣe. Òun ló ń mú Jẹ́jẹ́ lọ sílé ìwòsàn, òun ló ń fọṣọ rẹ̀, òun ló ń kàwé sí i létí bí ojú bá ń ro ó. Wọ́n ti gbé e gorí àga olórí ẹ̀ka, ó sì ń tọrọ àyè jáde níbi iṣẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. "Bí mo bá tún ayé wá," Jẹ́jẹ́ á wí, "ẹ̀yin náà ni mo máa yàn lẹ́gbọ̀n-ọ́n." Abẹ́rẹ́ á ní kó gbórí dúró, kó má jẹ́ kí oògùn ṣàn sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n wà ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan. Orí Jẹ́jẹ́ wà lórí itan ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Abẹ́rẹ́ ń kán oògùn sí i lójú, ìyá wọn wà ní ilé ìdáná. Ẹnì kan kanlẹ̀kùn, ó sì wọlé láìdúró kí wọ́n dá a lóhùn. Aládùúgbò ni.

Jẹ́jẹ́ mọ ohùn rẹ̀. "Jáde."

"Màá jáde. Mi ò wá bẹ̀ ẹ́, ìwọ ló yẹ kó o bẹ̀ mí. Wọ́n ti gbé mi lọ sókè. Ṣé o mọ iṣẹ́ tí wọ́n fún mi? Wọ́n ní kí n máa wo ohun tí àwọn ará ìsàlẹ̀ ń tẹ̀, kí n máa wo ohun tí wọ́n ń pa rẹ́. Gbogbo ẹ̀ ló ń hàn. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ó ti ń hàn láti ìgbà tó o ti wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ tó o kọ tìẹ, ara ògiri ló wà, àwọn àlejò jókòó wọ́n ń kà á. Akọ̀wé Ọ̀gá wà níbẹ̀, òun ló sọ fún mi."

"Irọ́ ni. Ta ló máa ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀?"

Aládùúgbò yíjú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó kàn ń wo ẹni tó mú ìgò oògùn lọ́wọ́.

Jẹ́jẹ́ ò tíì gbórí kúrò lórí itan náà. Ó ṣí ojú rẹ̀ sókè, oògùn ń ṣàn lọ sí etí rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi?"

"Mo fẹ́ sọ fún ẹ."

"Níbo lẹ wà nígbà tí mò ń kọ ọ́?"

"Mo wà níbẹ̀."

"Nínú yàrá yẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ̀yin náà kà á?"

"Mo kà á."

"Títí dé ibi tí mo ti ní ẹ̀rù ń bà mí?"

Abẹ́rẹ́ dé ìgò oògùn náà.

"Ẹ wá ní kí n padà sẹ́nu iṣẹ́."

Jẹ́jẹ́ dìde jókòó. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu oògùn náà kúrò lójú. Ó táràrà dé iwájú Aládùúgbò, ó kúnlẹ̀, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. "Dárí jì mí," ó wí. "Mo lù ẹ́ lórí ohun tó ò mọ̀." Aládùúgbò ní kó dìde, kò dìde, ìgbà tó yá, àwọn méjèèjì jọ wà nílẹ̀, wọ́n ń sunkún.

Abẹ́rẹ́ na ọwọ́ sí i. Jẹ́jẹ́ ò pariwo. Ohùn rẹ̀ ti padà sí bó ṣe máa ń wà. "Ẹ fi oògùn náà sórí tábìlì. Ẹ máa lọ."

Ìyá wọn ti wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ọwọ́ rẹ̀ tutù fún omi. Ó ti gbọ́ ọ tán.

"O ṣàmín," ìyá náà wí. "Ojú mi báyìí lo ṣe ṣàmín."

Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ náà nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn mú. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún Abẹ́rẹ́. Lẹ́nu àwọn tó wà nísàlẹ̀ ló ti gbọ́. Ó ra èso, ó ra aṣọ alẹ́ tuntun, ó lọ sílé ìwòsàn. Yàrá àwọn aláìsàn náà gùn, ibùsùn wà lọ́tùn-ún lósì, fèrèsé ṣí sílẹ̀, ẹnì kan ń fa garawa kọjá. Ó rí Jẹ́jẹ́ ní ìpẹ̀kun. Wọ́n ti di ojú rẹ̀ méjèèjì. Aládùúgbò jókòó sétí ibùsùn, ó ń fi ṣíbí fún un ní nǹkan mu.

Nọ́ọ̀sì dá Abẹ́rẹ́ dúró. "Ta lẹ jẹ́ sí i?"

"Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mí."

Nọ́ọ̀sì lọ sídìí ibùsùn, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n yín wá kí yín o."

Jẹ́jẹ́ yí orí tí wọ́n dì náà sí ibi tí ẹsẹ̀ ti dún. Ó mọ bàtà náà. "Ẹ má bínú, Nọ́ọ̀sì," ó wí, jẹ́jẹ́. "Wọ́n ti ṣìnà. Èmi ni àkọ́bí ìyá mi."

Aládùúgbò ò wo apá ibẹ̀. Ó gbé ṣíbí sókè, Jẹ́jẹ́ la ẹnu.

Lórí àtẹ̀gùn, Abẹ́rẹ́ pàdé ìyá wọn tó ń gun òkè bọ̀ pẹ̀lú fúláàsìkì. Ìyá náà dúró láti mí. Abẹ́rẹ́ kúnlẹ̀ síbẹ̀ láàárín àwọn tó ń kọjá.

"Màmá, ojú ńkọ́?"

"Ọ̀tún ti lọ. Wọ́n ní tòsì á là á." Ìyá náà ń wò ó. "Èmi ni mo bí ẹ. Ẹnu mi ò lè sọ pé mi ò bí ẹ, bó tilẹ̀ wù mí. Àmọ́ má tẹ̀ lé mi wọlé."

"Ẹ bá mi fún un ní èso yìí."

"Ta ni kí n sọ pé ó fún un?"

Ìyá náà gbé fúláàsìkì rẹ̀ dáadáa. Ó di igi àtẹ̀gùn mú, ó sì ń gòkè lọ.

Ó ṣì kù díẹ̀ kí wọ́n ṣíwọ́ lọ́jọ́ náà. Abẹ́rẹ́ gbé èso náà fún obìnrin tó ń nulẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó padà síbi iṣẹ́. Ọ̀gá Ẹ̀rín ń dúró dè é sétí tábìlì rẹ̀.

"Wọ́n ní o lọ kí àbúrò ẹ. Ara rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ti ń yá, sà."

"Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run." Eyín rẹ̀ funfun. "Àwọn oníbàárà wa tuntun fẹ́ nǹkan mìíràn. Wọ́n ní ṣé ohùn náà lè máa gba ibẹ̀ wọlé, bí àwọn èèyàn náà bá ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nídìí tábìlì. Ṣé ó lè ṣe é?"

Abẹ́rẹ́ bọ́ bàtà rẹ̀ sábẹ́ tábìlì. Ó fa àga mọ́ra.

"Ó lè ṣe é, sà," ó wí.